Mítà kékeré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà: àyẹ̀wò irinṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń tà fún mọ́tò tó kọ̀ tí kò ṣáná

Tí wọ́n bá ti gbọ́ ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò ní Èkó, pé mọ́tò yín kì í ṣáná láàárọ̀, ohun mẹ́ta ni wọ́n máa nà sí yín yàtọ̀ sí bátìrì tuntun: wáyà jọ́m̀pà, jump starter tó dà bíi páwà báǹkì fóònù, àti mítà aláwọ̀ yẹ́lò tí àwọn rìwáyà máa ń tì bọ àpò. Iye owó wọn jìnnà síra gan-an. Owó pọ́ọ́kú ni mítà, àmọ́ ojúlówó jump starter lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó bátìrì lọ́wọ́ yín. Ibi tí a fi ọ̀rọ̀ sí rèé: ẹ kọ́kọ́ ra mítà, kẹ́ ẹ fi wáyà jọ́m̀pà gidi ṣe ìkejì, kí jump starter wà fún ẹni tó ń pẹ́ níta lálẹ́ tàbí tó ń gba Third Mainland lọ síbi iṣẹ́. Bátìrì tuntun ló gbẹ̀yìn, ìyẹn tí mítà bá ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òun gan-an ló kú.

Mítà tí à ń sọ ni DT-830D. Òun ló kún ìsọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan iná ní Alaba, ẹ sì máa rí i ní Ládípọ̀ náà. Bátìrì 9V onígun mẹ́rin ló ń lò. Ihò mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀: COM, VΩmA àti 10A. Wáyà dúdú á wọ COM, pupa á wọ VΩmA, ẹ ó wá yí bọ́tìnnì àárín sí 20 níbi tí wọ́n kọ DCV sí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò 10A yẹn ni kẹ́ ẹ sá fún. Tí wáyà pupa bá wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ wá fi kan orí bátìrì, ṣe lẹ fi orí bátìrì méjèèjì pàdé ara wọn. Nínú ọ̀pọ̀ mítà yìí, kò sí fíúsì kankan lórí ihò náà, èéfín ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Àléébù ẹ̀ kejì kò hàn síta: tí bátìrì 9V inú ẹ̀ bá ti ń kú, iye tó ń kọ máa ń ga ju òótọ́ lọ. Bátìrì mọ́tò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lè kà bí èyí tó kún bámúbámú. Torí náà, tí àmì bátìrì kékeré bá ti yọ lójú mítà, ẹ pààrọ̀ 9V yẹn kẹ́ ẹ tó gba ohunkóhun tó bá sọ gbọ́.

Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ rárá, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ẹnu wáyà pupa kan orí bátìrì tó ní àmì +, kẹ́ ẹ fi dúdú kan èkejì. Tó bá kọ 12.6 volt tàbí díẹ̀ lé, bátìrì kún. 12.4 túmọ̀ sí pé ó ku bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2 jẹ́ ìdajì, 12.0 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Tó bá ti wà ní 11.9 wá sílẹ̀, ó ti gbẹ. Mọ́tò tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò ṣeé wọ̀n báyìí, torí alternator (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fi ṣájì bátìrì) ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ ni, iye tó máa kọ á kàn ga ju òótọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Tí bátìrì bá wà ní 10.5 tàbí nítòsí ibẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣájì í fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó dájú tán pé yàrá kan nínú mẹ́fà inú ẹ̀ ti kú, nítorí bíi 2.1 ni yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Èyí kò ní oògùn. Owó ṣájì tẹ́ ẹ ń san fún ọmọ rìwáyà lójoojúmọ́, inú kòtò lẹ̀ ń jù ú sí.

Ìwọ̀n kejì: ẹ jẹ́ kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ̀yin máa wo mítà. Tó bá já wá sísàlẹ̀ 9.6 bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, bátìrì yẹn ò lágbára mọ́, bó tilẹ̀ ka 12.6 kó tó di ìgbà náà. Ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà yẹn ò bá kúrò ní 12 lójú kan tí ẹ́ńjìnnì ò sì mira, ẹ fi bátìrì sílẹ̀. Iná ò dé ibi tó yẹ kó dé ni, tàbí kí kíkì sítátà fúnra ẹ̀ ti bàjẹ́. Iye bátìrì tí ìwọ̀n kan ṣoṣo yìí ì bá ti gbà là kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń ra bátìrì ògbólógbòó kò kéré.

Ìkẹta ni pé kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. 13.8 sí 14.5 ló yẹ kó wà. Tí kò bá tó 13, alternator ò ṣájì, bátìrì tuntun tẹ́ ẹ bá rà máa gbẹ bíi ti àtijọ́. Tó bá kọjá 15, ó ti ń ṣájì jù, á máa se omi inú bátìrì gbẹ. Ibí yìí gan-an ni mítà ti dá owó ara ẹ̀ padà. Àwọn rìwáyà kan ṣì wà nílùú yìí tó jẹ́ pé tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá alternator ń ṣiṣẹ́, wọ́n á yọ orí bátìrì kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí lọ́wọ́. Tí mọ́tò ò bá kú, wọ́n á ní ó dáa. Ẹ má gbà fún wọn. Bátìrì ló máa ń gba iná tó bá ṣàdédé ru sókè mọ́ra. Lọ́gán tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, iná yẹn ò ríbi lọ, ó sì lè jó diode inú alternator tàbí kó ba brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, jẹ́. Peugeot 504 àtijọ́ ò ní brain box tó máa jó, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣe é mú jẹ nígbà náà. Camry Muscle kò gba irú ẹ̀.

Ìwọ̀n kan ṣì kù tí ẹni tó ń ta bátìrì kì í dárúkọ. Ẹ fi ẹnu wáyà mítà kan kan orí − bátìrì gan-an, kẹ́ ẹ fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà tàbí ìpẹtà, kí ẹnì kan wá yí kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ kó ju 0.2 tàbí 0.3 lọ. Tó bá kọ 0.6, tàbí 1, wáyà earth tó so bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì àti bọ́dì ti jẹra nínú rọ́bà ẹ̀, bó tilẹ̀ ń dán lójú. Ní apá Lẹ́kìí, Ajah àti Victoria Island, atẹ́gùn òkun oníyọ̀ kì í jẹ́ kí àwọn wáyà wọ̀nyí pẹ́. Wáyà earth ò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì.

Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó bo orí bátìrì náà wà nínú ọ̀ràn yìí. Ẹ fi sípánà 10 tú dúdú kọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó tú pupa. Ẹ po ṣíbí ńlá kan baking soda (kì í ṣe baking powder) mọ́ kọ́ọ̀bù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́ títí kò fi hó mọ́, ẹ nù ún gbẹ. Pupa ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá padà, kí dúdú tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá fi Vaseline pa á lórí. Tẹ́ ẹ bá lè fi ọwọ́ lásán yí orí náà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dè é, kò tíì le.

Kẹ́ ẹ tó mú mítà jáde rárá, ẹ tẹ́tí. Tó bá ń dún "tátátátátá" tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń ṣẹ́jú, bátìrì ló rẹ̀ tàbí kí orí ẹ̀ má fún dáadáa. Tó bá dún "kó!" lẹ́ẹ̀kan tó dákẹ́, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì mọ́lẹ̀ kedere, ẹ fura sí kíkì sítátà. Lára àwọn Toyota tó ń lo kíkì sítátà Denso, bàbà kékeré méjì tó wà nínú solenoid (swíìṣì ńlá ara kíkì sítátà) ló máa ń jẹ tán. Wọ́n ń ta bàbà yẹn lọ́tọ̀, wọ́n sì ń pààrọ̀ ẹ̀ láì ra odidi kíkì sítátà. Ẹ béèrè fún un kẹ́ ẹ tó san owó tòkunbọ̀ míì tí bàbà tiẹ̀ náà lè ti jẹ dé ìdajì. Tí wọ́n bá fi sípánà gbá kíkì sítátà tó wá ṣiṣẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ pé kábọ̀n inú ẹ̀ ló kúrú. Ẹ gbá a délé, kẹ́ ẹ má pa ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà. Tí gbogbo nǹkan bá mọ́lẹ̀ tí kò dún rárá, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ fa gíà sí N, kẹ́ ẹ tún gbìyànjú. Tó bá ṣáná lórí N tí kò ṣáná lórí P, swíìṣì ara gíà ló fẹ́ àyẹ̀wò. Àwọn tó ń tẹ bọ́tìnnì dípò kọ́kọ́rọ́, ẹ wo iná bíréèkì lẹ́yìn: tí kò bá tàn, fíúsì tàbí swíìṣì bíréèkì ò jẹ́ kí mọ́tò mọ̀ pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́.

Wáyà jọ́m̀pà wá kàn. Èyí tí wọ́n ń gbé kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, rọ́bà ló pọ̀ jù lára ẹ̀. Ó lè tóbi bí àtàǹpàkò, kí irin inú ẹ̀ má ju ti wáyà fáànù lọ. Ìwọ̀n irin ni kẹ́ ẹ béèrè: mọ́tò ẹlẹ́ńjìnnì kékeré bíi Corolla ò gbọ́dọ̀ lo ohun tó kéré sí 16 mm², jíìpù V6 sì fẹ́ 25 mm². Ẹ fi abẹ ha ìdí irin níbi tó ti wọ ẹnu ìfúnpọ̀. Tó bá pupa dénú, bàbà ni. Tó bá funfun lábẹ́, aluminium tí wọ́n fi bàbà bò ni. Aluminium náà ń gbé iná, ṣùgbọ́n ó ní láti nípọn jù bẹ́ẹ̀ kó tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ wo ẹnu ìfúnpọ̀ náà: nínú èyí tí kò dára, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wáyà dé, ẹ̀gbẹ́ kejì kàn ń di nǹkan mú lásán. Tí wáyà bá gbóná lọ́wọ́ yín bí ẹ ṣe ń ṣáná, iná tó yẹ kó dé kíkì sítátà ló ń ṣòfò níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń so ó nìyí. Pupa lórí + bátìrì tó kú, pupa kejì lórí + èyí tó yè, dúdú lórí − èyí tó yè, kí dúdú ìkẹyìn lọ sára irin ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó kú, kó jìnnà díẹ̀ sí bátìrì. Gáàsì hydrogen ń jáde lára bátìrì, iná tó bá ta pàrà létí ẹ̀ lè ràn án. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò tó yè ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́, ó máa ti rọ iná díẹ̀ sínú èyí tó kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í ní sùúrù yìí, wọ́n á sì ní wáyà ò dáa. Títì ò sì ṣe fún gíà ọtọ́mátíìkì. Danfo onígíà ọwọ́ ni wọ́n ń tì.

Àléébù wáyà jọ́m̀pà ni pé ó fẹ́ mọ́tò kejì. Lágogo mọ́kànlá alẹ́ lórí afárá, ta ló máa dúró? Ìdí tí jump starter fi wúlò nìyẹn, kò sì sí ìdí míì tó tó o. Èyí tó dára á gbé Camry sílíńdà mẹ́rin tí bátìrì ẹ̀ ti gbẹ láìsí wàhálà, á sì tún gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ tó ṣájì í. Ibi tí irọ́ wà ni ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀. "2000A" jẹ́ iye tó lè tú jáde fún ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó nǹkan, bó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Kíkì sítátà mọ́tò sílíńdà mẹ́rin kì í sábà fà ju 100A sí 200A lọ tó bá ti ń yí. Ẹ fi 2000A sílẹ̀, ẹ wo Wh (watt-hour), ìyẹn iye agbára tó wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ mAh nìkan, ẹ sọ ọ́ di Ah, kẹ́ ẹ wá fi 3.7 sọ ọ́ di púpọ̀: 20,000 mAh jẹ́ 20 Ah, ìyẹn 74 Wh. Lithium tó lè tu agbára bẹ́ẹ̀ jáde lójijì, tó sì tó 74 Wh, bátìrì inú ẹ̀ nìkan á wúwo tó ìdajì kílò. Torí náà, tí wọ́n bá gbé èyí tó fúyẹ́ bíi fóònù lé yín lọ́wọ́ tí wọ́n kọ 20,000 sí lára, ẹ dá a padà sórí tábìlì. NOCO GB40, tí orúkọ ẹ̀ dáa, jẹ́ 24 Wh péré, ó sì wúwo ju kílò kan lọ. Olóòótọ́ ò ní láti pariwo.

Ooru ni ọ̀tá ẹ̀. Mọ́tò tó bá wà nínú oòrùn ní Èkó, abẹ́ gíláàsì iwájú ẹ̀ lè gbóná kọjá 60°C, bẹ́ẹ̀ lithium ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Tó bá wú ikùn, ẹ má ṣájì í mọ́ láé. Abẹ́ ìjókòó sàn ju dáṣíbọ́ọ̀dù lọ, inú báàgì tẹ́ ẹ ń gbé wọ ilé sàn ju méjèèjì lọ. Kẹ́ ẹ máa ṣájì í lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, bí ẹ ò tiẹ̀ lò ó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó: pupa lórí +, dúdú lórí −, ẹ dúró kí iná àwọ̀ ewé tàn, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, tí kò bá gbé, ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kó sinmi. Gbàrà tó bá ti ṣáná, ẹ yọ ọ́, kí alternator má baà máa rọ iná padà sínú ẹ̀. Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ "boost" tàbí "override" sí wà fún bátìrì tó gbẹ débi pé jump starter ò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ wọn, tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ààbò tó ń dènà kéèyàn fi pupa sí ibi dúdú ti kúrò nìyẹn. Ẹ wo wáyà lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sí èyí tó lè ṣe ohunkóhun fún mọ́tò tó ń yí "rù-rù-rù" dáadáa tí kò gbé. Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù, torí ẹni tó ra jump starter máa ń fẹ́ lò ó fún gbogbo àrùn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ dákẹ́, kí ẹnì kan gbé etí sí ìjókòó ẹ̀yìn: pọ́m̀pù epo á kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Àwọn Toyota kan ò ní kùn àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, ẹ má tìtorí ìyẹn nìkan dá pọ́m̀pù lẹ́bi. Tí kò bá dún, fíúsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ wá fi relay (swíìṣì kékeré tí iná ń tàn tó sì ń pa) hóònù pààrọ̀ relay pọ́m̀pù tí nọ́ńbà ara wọn bá bára mu. Tó bá dún tí kò sì gbé, ẹ wọn agbára epo: Corolla 2003 sí 2008 fẹ́ 44 sí 50 psi. Ẹ̀yin tó máa ń jẹ́ kí iná epo tàn kẹ́ ẹ tó rà, epo yẹn ló ń mú kí pọ́m̀pù tutù nínú táǹkì. Epo burúkú náà wà nínú ẹ̀. Ní February 2022, epo tí methanol inú ẹ̀ ti pọ̀ jù wọ ìlú, ó sì da ọ̀pọ̀ mọ́tò rú. Honda Accord ọdún 1990 sí 1997 ní tiwọn: relay ńlá tó ń fún pọ́m̀pù níná máa ń sán níbi tí wọ́n ti fi òjé jó o, tó bá gbóná nínú oòrùn kò ní ṣáná, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á ṣáná bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Wọ́n ń tú u, wọ́n ń jó òjé tuntun sí i.

Tí àwòrán kọ́kọ́rọ́ tàbí iná security bá ń ṣẹ́jú bẹ́ ẹ ṣe ń yí i, mọ́tò ò mọ kọ́kọ́rọ́ yín ni. Ẹ gbìyànjú èkejì. Fún Toyota oníbọ́tìnnì, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rìmóòtù tó ní àmì Toyota kan bọ́tìnnì náà, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Bátìrì wẹ́wẹ́ inú rìmóòtù ló máa ń kú. Tí gbogbo èyí ò bá sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi scanner wò ó. Kóòdù P0335 ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ crankshaft (èyí tó ń sọ fún brain box bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí) tàbí wáyà ẹ̀, kò sì sí bátìrì tó lè wo ìyẹn sàn.

Ẹni tí ẹ̀kún omi mú ní Lẹ́kìí tàbí Victoria Island tí ẹ́ńjìnnì kú sínú omi, ẹ má fi jump starter sí i, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ rárá. Tí omi bá ti wọ sílíńdà, kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, rọ́ọ̀dù ló máa tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì kí omi jáde.

Tó bá wá di pé bátìrì gan-an ló kú, ẹ gbé mítà dání lọ sí Ládípọ̀ tàbí ASPAMDA, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò míì tó wà ní Trade Fair. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi tó wà lórí pẹpẹ: tí bátìrì tuntun tí wọ́n ti dí pa bá ka ohun tó kéré sí 12.4, ó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n mú òmíràn wá. Ooru Èkó kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn kọjá ọdún méjì sí mẹ́ta, ẹ ò sì fẹ́ fi oṣù mẹ́fà nínú ẹ̀ jìn wọ́n. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń rọ omi sí lẹ ra, omi bátìrì nìkan ni kẹ́ ẹ máa fi kún un, kì í ṣe pure water, torí àwọn ohun tó wà nínú omi mímu ń ba àwọn òjé pẹlẹbẹ inú ẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ déètì àti iye oṣù tí wọ́n fi dúró fún un sórí rìsíìtì. Tí wọ́n bá ti dè é mọ́ mọ́tò tán, ẹ ṣáná, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i níwájú wọn: tí kò bá tó 13.8, ẹ ní kí wọ́n wo alternator kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.